Orí Pẹ̀lẹ́ Ti Wú

Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà bi mí léèrè ìdí tí mo fi wé gèlè fún ẹran. Mo ní òtútù ń mú un. Ó wo oòrùn, ó wo òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn mi, ó sì kọjú síwájú. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́, nítorí ẹran tirẹ̀ náà dé fìlà.

Ìgbà náà ni mo tó wo ìlà yẹn dáadáa. Àwa alágbàsìn Òkè Ìtìsẹ̀ tò láti ẹsẹ̀ Géètì tí yóò sọ ẹni tó ni ẹran kọ̀ọ̀kan, dé ìdí tánkì àtijọ́, oníkálukú fi okùn mú ẹran tirẹ̀ dání. Àwọn ẹran náà dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí adìẹ, ìrù wọn le gbagidi sẹ́yìn, ọwọ́ wọn kéékèèké ká mọ́ àyà, wọ́n ń jẹ ewé ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dé igbá. Òmíràn wà tí wọ́n fi aṣọ ọmọ wé lórí títí dé ojú, tó ń fẹsẹ̀ kọ. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní gèlè tèmi yìí ga, pé ó jọ ti ìyá ìyàwó. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn mí. Ṣùgbọ́n àyà mi já, nítorí títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rò pé ẹran tèmi nìkan ni orí rẹ̀ ń wú.

Pẹ̀lẹ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ, torí ó máa ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Nígbà tí mo gbà á, kò tóbi ju adìẹ lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò, kókó wẹ́wẹ́ tò yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Pẹrẹsẹ náà la sì ń pe irú wọn. Ilé-iṣẹ́ Àjíǹde, àwọn tó jí ẹran wọ̀nyí dìde láti inú egungun wọn tó ti di òkúta, sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀tọ̀ ni pẹrẹsẹ, ọ̀tọ̀ ni aforíkàn tí orí rẹ̀ ga róbótó bí ìdajì àgbọn. Wọ́n ní ìbátan lásán ni wọ́n, bí àgbò ṣe jẹ́ sí òbúkọ. A gbà wọ́n gbọ́. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó jí òkú dìde jiyàn?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni àárín orí Pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Oyèkànmí, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ọ̀gá ni ní Àjíǹde. Òun ló mú iṣẹ́ àgbàsìn wá fún mi. Ó wá wò ó. Kí n tó fi ibi tó wú hàn án ló ti gbé àtàǹpàkò lé e gan-an. Ó ní kòkòrò ló ta á, kí n máa fi àdín pa á. Àràárọ̀ ni mo ń fi àdín pa á. Mo ń pa á, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sílẹ̀, ó sì ń le sí i lábẹ́ ọwọ́ mi.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ni mo ń sọ. Ilé tó bá ní ẹran tirẹ̀ nìkan ni páìpù ń ṣí fún lórí òkè wa. Ìgbẹ́ àwọn ẹran yìí ni ẹ̀rọ omi ń jẹ kó tó lè fa omi gòkè. Àwọn ará ilé tó kọjú sí tiwa pàdánù tiwọn lọ́dún tó kọjá. Aláǹtakùn ti kọ́lé sẹ́nu páìpù wọn, àwọn fúnra wọn sì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ooru ti ń pa àgbàlagbà lórí ẹní láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó. Ìyá mi ti dàgbà. Kò lè sùn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kó jí. Ohun tí mo torí rẹ̀ dúró lórí ìlà nìyẹn: páìpù, Ìyá, àti Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń fi ẹnu wá iyọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ní ìdájí ọjọ́ náà ni mo gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ ọjà tó ń fi ayùn ha orí wọn wálẹ̀. Mo mú Pẹ̀lẹ́ lọ bá a. Bí mo ṣe jókòó, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó di ojú, ó rò pé àdín ni mo tún fẹ́ fi pa á. Mo dìde. Alágbẹ̀dẹ ní kí n má ṣe bí ọmọdé, pé bí mo bá fẹ́ràn ẹran mi, màá jẹ́ kó hà á. Ẹ̀jẹ̀ ẹran mìíràn ṣì wà lára ayùn náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa Pẹ̀lẹ́ lọ sílé, mo sì wá gèlè mi tó fẹ̀ jù. Ọgbọ́n tí mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbàdébọ̀ tó ń ṣọ́ Géètì jáde, ó ní kí a tú gbogbo nǹkan tí a fi bo ẹran lórí. Kò pariwo. Aládùúgbò wa ni, ojú sì ń tì í. Géètì náà kò ju òpó dígí méjì lọ. Ìmọ́lẹ̀ á fò láti inú ọ̀kan sí èkejì, á gba ara ẹran kọjá, ohùn obìnrin kan tó mọ Yorùbá ju gbogbo wa lọ á sì sọ ẹni tó ni ín.

Ẹran obìnrin tó wà níwájú mi wọlé.

"Orí yíyọ," ni ohùn náà wí. "Ti Àjíǹde."

Obìnrin náà ní irọ́ ni, pé pẹrẹsẹ ni, pé ìpín òun nínú àgbàsìn ni. Géètì fi ohùn obìnrin náà fúnra rẹ̀ dá a lóhùn, èyí tó ti gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpín: "Èyí tí orí rẹ̀ yọ ni ti Àjíǹde. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ ni tèmi." Obìnrin náà tẹ́tí sí ara rẹ̀ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó fi fìlà ẹran nu ojú, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo wa la sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ ìpín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má baà pè wá ní òmùgọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Ìyá ń gba ewúrẹ́ sìn fún àwọn ará àdúgbò. Bí ewúrẹ́ náà bá bímọ, àmì ara la fi ń pín in: èyí tó ní funfun níwájú orí ni ti olówó rẹ̀, dúdú ni tiwa. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí, bí ẹni bú ẹnìkejì rẹ̀ ni. Bí gbogbo ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kò sì rí ewúrẹ́ dúdú tó padà di funfun rí. Nítorí náà, nígbà tí Àjíǹde fún wa ní aforíkàn tí a ó máa sìn fún wọn, tí wọ́n fi pẹrẹsẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ìpín tiwa, tí wọ́n sì ní kí a fi ẹnu ara wa sọ àmì tí a ó fi mọ̀ wọ́n, orí ni gbogbo wa wò.

Èmi tilẹ̀ fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi mọ tèmi, torí ọ̀kan nínú ìka ẹsẹ̀ Pẹ̀lẹ́ gé. Oyèkànmí ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní orí ló yá, orí ló hàn. Ìyá náà wà níbẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n gba ti ẹ̀gbọ́n mi.

Bí mo ṣe ń rántí èyí lọ́wọ́ ni Oyèkànmí dé. Kò tò. Ó fa aforíkàn méjì dání, orí wọn ga, ó ń dán. Mo rò pé ti iléeṣẹ́ ni wọ́n. Ó gba àárín òpó kọjá pẹ̀lú wọn.

"Orí yíyọ. Àmì ẹsẹ̀. Ti Oyèkànmí," ni Géètì wí. Ó tún un wí fún èkejì.

Mo wo èkejì yẹn dáadáa. Àpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún. Èmi ni mo fi ewé sí àpá yẹn nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí orí rẹ̀ tẹ́ bí ti Pẹ̀lẹ́. Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà la ti kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Èmi ni mo gbé méjì Oyèkànmí dé ilé rẹ̀, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, mo sì ń kọrin fún wọn lọ́nà. Lẹ́yìn ìgbà náà ló kọ́lé sí ẹ̀yìn òkè, tó ń sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, kí n má yọ ara mi lẹ́nu láti wá.

Ìgbà náà ló yé mi. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ ìpín pé ọmọdé aforíkàn ni pẹrẹsẹ. Kò sí irú méjì níbì kankan, kò sí ìbátan kankan. Ẹran kan náà ni, orí tó tẹ́ yóò sì yọ bó bá dàgbà, bí irùngbọ̀n ṣe ń hù. Ó fi ẹsẹ̀ gba tirẹ̀, ó ní kí n fi orí gba tèmi.

Ó rí ojú mi, ó sì fà mí lọ sábẹ́ ibòòji tánkì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa oorun Ìyá, bóyá ikọ́ rẹ̀ ti lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ̀ ọ́n," mo ní.

"Ìbíyẹmí, fara balẹ̀."

"Ẹ fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ ní orí ló yá."

Kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní gbogbo òṣìṣẹ́ Àjíǹde ló mọ̀, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn, pé ẹni tó bá tú u fún ará ilé rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ará ilé náà. Ó ní bí òun bá ti sọ ọ́, ta ni ì bá dúró fún wa lórí òkè? Ó ń sọ̀rọ̀ náà geere, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo bi í pé àdín ńkọ́. Ó ní kí ni mò ń sọ. Mo ní àdín tó ní kí n máa fi pa á, àràárọ̀, tí mo fi gbogbo ọkàn pa á.

Lẹ́yìn náà ló mú òrùka irin kékeré kan jáde lápò. Òrùka ẹsẹ̀ ni, àmì tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ó ní òun kò gbàgbé mi, òun ti ro ọ̀nà kan: kí Pẹ̀lẹ́ tó kan Géètì, kí a fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀. Yóò di tirẹ̀. Èmi yóò máa sìn ín fún un, páìpù wa yóò sì máa ṣí lórúkọ rẹ̀. Ẹyin tí Pẹ̀lẹ́ bá yé, tirẹ̀ ni.

"Nítorí Ìyá ni," ó ní. "Ṣé o fẹ́ kí Ìyá kú sí pẹ̀tẹ́lẹ̀?"

Inú bí mi gidigidi. Mo fẹ́ lù ú, ẹ̀gbọ́n mi tí mo máa ń kúnlẹ̀ kí. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rí Ìyá lórí ẹní nínú ooru. Mo rí ara mi tí mò ń sin ẹran mi fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi, tí mo sì ń dúpẹ́. Mo mọ̀ pé màá gbà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sọ fún Ìyá ná, kó má baà jẹ́ pé lẹ́nu ẹlòmíràn ló ti máa gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò pọn dandan, pé Géètì yóò tì bí òjìji òpó bá ti kan ògiri. Mo ti ń lọ.

Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ ìjáde. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹní tó ká, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ tó fi aṣọ wé, àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ti fi okùn so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Kì í ṣe ẹrù tí a fi ìkánjú dì.

"Àwẹ̀ró, o ti dé," ó ní. Kì í fi oríkì pè mí àfi tó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi. "Ṣé ó ti bá ọ sọ ọ́?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní ilé Oyèkànmí ni, pé ó ti ṣe yàrá kan fún òun láti ìgbà òjò, pé atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Mo bi í bóyá yàrá tèmi náà wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún okùn ẹrù rẹ̀ so, okùn tí kò tú.

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé orí rẹ̀ máa yọ?"

"Ó sọ fún mi kí a tó lọ síbi ìpín." Ó na ọwọ́, Pẹ̀lẹ́ sì sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe, ó ki orí sí i lọ́wọ́. Ìyá pa á lórí díẹ̀. "Ọmọ mi, mo rò pé n ó ti kú kó tó yọ."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Kò rò pé orí náà kò ní yọ. Ó kàn fẹ́ wà nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀, kó má baà rí ojú mi.

Ó ní kí n gba ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá fún mi. Ó ní ẹran á wà lọ́wọ́ mi, omi á wà, kí ló tún kù? Mo ní kò sí. Ẹrù yẹn ni mò ń wò. Mo gbà o, n kò gbà o, Ìyá ń lọ sílé Oyèkànmí. Òun nìkan ni ìdí tí mo fi fẹ́ gbà, ẹrù rẹ̀ sì ti wà ní dídì kí n tó jáde láàárọ̀. Mo wá rántí pé ó ti lé mi pé kí n tètè lọ tò.

Òjìji òpó kù díẹ̀ kó kan ògiri nígbà tí mo padà dé. Mo ti lọ tú aforíkàn tí mò ń sìn fún Àjíǹde ní ẹ̀yìnkùlé, mo fà á lé Gbàdébọ̀ lọ́wọ́ kó tó bi mí ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà mo tú gèlè lórí Pẹ̀lẹ́. Orí náà yọ sínú oòrùn, àdín ti mú un dán. Ó lẹ́wà, ó sì dùn mí pé ó lẹ́wà.

Oyèkànmí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ Pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Gbàdébọ̀ bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni kí wọ́n fi í sí.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀," mo ní. "Orí la sọ. Orí ni kí Géètì wò."

Oyèkànmí dìde. Ó rọra sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù lórí ìlà má baà gbọ́. "O fẹ́ gbé e fún Àjíǹde? Èmi ọmọ ìyá rẹ ńkọ́?"

N kò rọra dá a lóhùn. "Àjíǹde kò mọ̀ mí rí, Bọ̀ọ̀dá. Àjèjì ló gba nǹkan mi, mo lè gbé ìyẹn sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ẹ̀yin gbà ni n kò lè gbé."

Bàbá tó fi gèlè mi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ń wo àwọn ẹran Oyèkànmí, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn. Mo tú okùn lọ́rùn Pẹ̀lẹ́, ó rìn wọlé jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń rìn, ìmọ́lẹ̀ sì gba ara rẹ̀ kọjá.

"Orí yíyọ. Ti Àjíǹde."

Géètì tún fi ohùn mi ránṣẹ́ sí mi, láìjẹ́ pé mo bèèrè. "Èyí tí orí rẹ̀ yọ ni ti Àjíǹde. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ ni tèmi." Mo ti gbàgbé pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ tán. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní nǹkan ni. Lábẹ́ ẹ̀rín mi, mo gbọ́ ti Ìyá, tó ń bá mi rẹ́rìn-ín.

Pẹ̀lẹ́ yí padà kí wọ́n tó mú un. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀: ó tẹ orí ba, ó sáré bọ̀, ó sì fi orí kàn mí níkùn, kí n lè fi àdín pa á. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé mi ṣubú, mi ò lè mí fún ìgbà díẹ̀. Ó dúró tì mí, ó ń dúró de ọwọ́ mi. Mo fi ọwọ́ gbígbẹ pa á lórí níbẹ̀, lórí ilẹ̀, títí Gbàdébọ̀ fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Ìyá ti lọ. Mo ṣí páìpù, ó súfèé, ohunkóhun kò jáde. Mo di aṣọ díẹ̀ lẹ́rù, mo gbé garawa, mo sì jáde.

Ọ̀nà pẹ̀tẹ́lẹ̀ gba iwájú ilé Oyèkànmí kọjá. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀nà yẹn. Ó tẹ́, ó dára ju tiwa lọ. Ìyá jókòó sí ìta lórí àpótí rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn rẹ̀, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ikùn ń dùn mí bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó rí mi, ó fẹ́ dìde, kò dìde.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ṣé o mú omi dání?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mú un dání. Mo sì ń lọ. Gèlè tí mo tú lórí Pẹ̀lẹ́ nìkan ló wà nínú garawa náà, ó ṣì ń rùn àdín.